Ṣé "apakòkòrò" ni gbogbo wọn?

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ní Yorùbá, kí a máa pe irin tí dókítà ń fi sínú ìbàdí, sínú orúnkún àti irú wọn, tí wọ́n fi kẹ́míkà tún ojú wọn ṣe nítorí bakitéríà, ní "àfisára apakòkòrò". "Àfisára" tẹ́ mi lọ́rùn. "Apakòkòrò" ni mo ní wàhálà pẹ̀lú.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ń pa kòkòrò. Bí wọ́n bá fi fàdákà bo ojú irin, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi ara, á sì máa pa bakitéríà tó bá wà nítòsí. Bó bá ti tán, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n ti polyethylene glycol, kẹ́míkà kan tó gùn bí okùn, ńkọ́? Wọ́n á so ó mọ́ ojú irin, kó dúró ṣánṣán bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Omi á rọ̀ mọ́ irun yẹn débi pé purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè lẹ̀ mọ́ irin. Purotéènì yìí sì ni Staphylococcus aureus, bakitéríà kan tó máa ń bá irin àfisára jà, máa ń dì mú kó tó fìdí kalẹ̀. Kò pa nǹkan kan! Ẹnì kan ní ká pè é ní "akọkòkòrò", pé ó kọ kòkòrò. Ẹ kà á sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ọ: akọ kòkòrò, bí ẹni pé abo rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi fara mọ́ "àìṣeélẹ̀mọ́".

Lórí "awọ kòkòrò", tí wọ́n dábàá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "biofilm", mo takò ó. Bakitéríà tó bá ti lẹ̀ mọ́ irin á pọ oje tó ń yọ̀, á fi bo ara rẹ̀, oògùn ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́. Nígbà míì àfi kí dókítà yọ irin ọ̀hún. Ẹni tó bá gbọ́ "awọ" á rò pé a kàn lè bó o ni. "Ibùba" ni ẹ jẹ́ ká pè é.

Ìṣòro kan ṣì kù. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀, a ò fẹ́ kí ohunkóhun lẹ̀ mọ́ ọn. Irin ìbàdí ò rí bẹ́ẹ̀: eegun gbọ́dọ̀ dì í mú. Láti 1987 ni Anthony Gristina, dókítà eegun, ti sọ pé eré ìje ni, sẹ́ẹ̀lì ara àti bakitéríà ń du ojú irin. Ojú irin tó ń gba eegun tó sì ń lé kòkòrò, kí la ó pe ìyẹn?