Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí Channel 10 padà sídìí ètò ìdájí ni, àbí kó fi í sílẹ̀?

Ọmọ Tarneit:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà láàárín wa níbí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń kọ́ ní Melbourne, nílẹ̀ Australia níbí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa láti fi parí sáà yìí ni pé ká kọ àbá fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tí nǹkan ò rọgbọ fún, ká sọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa gbé sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀. Channel 10 ló bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tiwa. Àwọn tá a jọ ń ṣe é fẹ́ ká ní kí 10 tún gbé ètò ìdájí kalẹ̀: kí olóòtú méjì jókòó sórí àga, kí ìròyìn wà, kí ojú ọjọ́ wà, kí ẹ̀rín wà, kí wọ́n sì máa bá Sunrise ti Channel 7 àti Today ti Channel 9 du òǹwòran láti aago mẹ́fà.

Ọkàn mi ò gbà á, ohun tí mò ń rí níbi iṣẹ́ ló fà á. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Inú àpò súwẹ́tà ẹ̀ ni rìmóòtù pálọ̀ máa ń wà, rọ́bà ni wọ́n fi dè é nítorí ìdérí bátìrì ẹ̀ ti sọnù. Bí Natalie Barr, olóòtú Sunrise, bá kí òǹwòran, ìyá yìí á dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ tuntun kan tẹ bọ́tìnnì tó wà lára tẹlifíṣọ̀n, ó yí i sí Channel 9. Ìyá ò jà, kò tiẹ̀ wojú ẹni tó yí i. Ife tíì wà lọ́wọ́ ẹ̀ kan, ó fi ìkejì yọ rìmóòtù, ó yí i padà, ó sì ń bá tíì ẹ̀ lọ.

Kí ni 10 fẹ́ ṣe tí irú ìyá yìí á fi yà sọ́dọ̀ wọn? Bí kò bá sí, kí ni kí n kọ tí olùkọ́ wa ò fi ní rò pé mo kàn sá fún iṣẹ́ ni? Mo fẹ́ràn Channel 10 o. The Project, ètò ìròyìn àti ìjíròrò wọn, ni mo fi mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nílùú yìí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì dùn mí nígbà tí wọ́n fòpin sí i ní oṣù kẹfà 2025. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí yóò tún kó wọn sí wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n Oníkámẹ́rà (Sydney):

Àbúrò mi, ibi tó ń dun 10 gan-an lo fọwọ́ kàn yẹn.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ ìdájí rí. Good Morning Australia wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1981, Today ti Channel 9 ò sì dé títí di 1982. Kerri-Anne Kennerley ṣe olóòtú ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó di 1992, wọ́n pa ètò náà tì. Today ò pa tiẹ̀ tì ní tiwọn.

Ogún ọdún kọjá kí 10 tó tún padà. Ní oṣù kejì 2012, wọ́n gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Breakfast. Paul Henry ni wọ́n lọ mú wá láti New Zealand, ẹni tó ti fi TVNZ, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn lọ́hùn-ún, sílẹ̀ ní 2010 nítorí ọ̀rọ̀ tó bí àwọn èèyàn nínú tó sọ nípa Gómìnà Àgbà orílẹ̀-èdè wọn. Ó dà bíi pé wọ́n rò pé ariwo ló máa fa òǹwòran. Ẹni tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jà. Kí oṣù kọkànlá ọdún yẹn tó parí, ó ti tán.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe Adam Boland, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó sọ Sunrise di ohun tó jẹ́. Ó gbé Wake Up kalẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2013, ó sì fi sítúdíò sétí òkun ní Queenscliff, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manly. Mo sọ fún yín, àwòrán yẹn dára: oòrùn ń yọ, ìgbì òkun ń lọ lẹ́yìn àwọn olóòtú. Mẹ́ta ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kó tó pé oṣù kan, wọ́n ti yọ ọ̀kan nínú wọn, Natasha Exelby, kúrò. Ní oṣù karùn-ún 2014, wọ́n kéde pé Wake Up ti tán, iṣẹ́ bí 150 sì bá a lọ, ìròyìn àárọ̀ àti ti alẹ́ náà wà nínú ohun tí wọ́n gé.

Ọ̀kan lo oṣù mẹ́sàn-án, ìkejì ò pé oṣù méje. Ta ló ń yí ohun tó ń wò láàárọ̀ padà láàárín oṣù mẹ́fà? David Koch ṣe olóòtú Sunrise láti 2002 títí di oṣù kẹfà 2023. Natalie Barr tí ìyá yẹn ń dá lóhùn ti ń ka ìròyìn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olóòtú ní 2021. Channel 9 gan-an rí i: nígbà tí wọ́n yọ olóòtú wọn, Karl Stefanovic, lórí Today ní òpin 2018, àwọn òǹwòran dín kù ní 2019, wọ́n sì dá a padà ní 2020. Ohun tí 10 ń ṣe dà bí ẹni tó gbin iṣu tó ń hú u wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ pé kí wọ́n padà, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kìíní pé ẹni tó ni ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà láti pàdánù owó fún ọdún mẹ́ta gbáko láìyí olóòtú padà. Mi ò rò pé wọ́n máa gbà. Gbèsè bo 10 mọ́lẹ̀ ní 2017 débi pé wọ́n fà á lé àwọn alábòójútó lọ́wọ́, CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ló rà á, abẹ́ Paramount tó ni CBS ló sì wà báyìí. Ó ṣòro kí ẹni tó jókòó sí Amẹ́ríkà fi ọdún mẹ́ta dúró de òǹwòran ìlú bíi Wollongong àti Geelong níbí.

Ìyá Bọ̀dé (Brisbane):

Ẹ ṣé o, Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fo ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí Wake Up àti Studio 10, ètò àárọ̀ míì tí Channel 10 ń ṣe, ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá 2013. Wake Up kú kíákíá. Studio 10 lo ọdún mẹ́wàá, oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n tó pa á.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni Studio 10 ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ ti lọ síléèwé, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti jáde. Ẹni tó kù nílé ń wá ẹni tó máa bá òun sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń tọ́ ìbejì lọ́wọ́ nígbà yẹn, àwọn olóòtú ẹ̀, Ita Buttrose, Jessica Rowe àti Sarah Harris, ni mo ní. Wọ́n á ta ko ara wọn, kò ní dìjà. Ita á gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, o ò ní fẹ́ dìde. Ìpolówó gígùn máa ń wà láàárín ètò, wọ́n á ta ohun ìdáná, wọ́n á ta ìbòòrùn, èèyàn ń rojọ́ ẹ̀, àmọ́ owó yẹn wà lára ohun tó gbé ètò náà ró.

Nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe kọ ọ́ pé 10 ò lè ṣe ètò àárọ̀. Ó ṣe é. Aago tí ẹnì kankan ò tíì gbà tán ló ti rí i ṣe.

Ará Perth:

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé Sydney nìkan ni Australia. Bí aago bá lu mẹ́fà ní Sydney, mẹ́rin ló ń lù lọ́dọ̀ wa. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń sún aago síwájú, mẹ́ta ni, torí àwa kì í sún tiwa. Ètò ìdájí tí wọ́n ti ṣe tán lọ́hùn-ún ni wọ́n ń fi hàn wá, àfi bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀. Ní 2020, 10 tún kó kíka ìròyìn Perth, Adelaide àti Brisbane lọ sí Sydney àti Melbourne. Kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe ètò ìdájí fún Perth nìkan, látinú Perth. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é fún wa.

Ẹ̀gbọ́n Oníkámẹ́rà:

Ará Perth, òótọ́ lo sọ nípa aago. Ṣùgbọ́n àwọn onípolówó ńlá ń ra àkókò ìpolówó ìlú ńlá márààrún (Sydney, Melbourne, Brisbane, Adelaide àti Perth) pọ̀ ni, Sydney àti Melbourne ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Perth nìkan ò lè gbé sítúdíò ìdájí.

Ará Perth:

Wọn ò dán an wò rí, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì gbà.

Tọ́lá:

Àwọn ọmọ mi ò mọ nọ́ńbà Channel 10. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n sọ lórí Sunrise, fídíò kéékèèké tí wọ́n gé. Ẹ fi ìyẹn sí i.

Ọmọ Tarneit:

Mo dúpẹ́ gan-an, Ẹ̀gbọ́n, Mà, gbogbo yín. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí ètò méjèèjì yẹn, ó sì ti yí ohun tí mo fẹ́ kọ padà. Mo ń rò ó báyìí pé: kí 10 fi aago mẹ́fà sílẹ̀ fún 7 àti 9, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́jọ ààbọ̀ tààràtà, wákàtí kan ààbọ̀ péré, kí àwọn akọ̀ròyìn Channel 10 tí wọ́n ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀ máa wá jókòó síbẹ̀. Ará Perth, màá fi tiyín sí i pé kí olóòtú kan wà ní Perth lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyàtọ̀ owó ẹ̀ pọ̀ tó ohun tí mo lè fi ta ko àwọn ẹgbẹ́ mi?

Ẹ̀gbọ́n Oníkámẹ́rà:

Ó pọ̀. Ètò aago mẹ́fà, àwọn kan ti gbọ́dọ̀ wà ní sítúdíò ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru: olùdarí, ẹni tó ń ṣe ohùn, ẹni tó ń kun ojú, ẹni tó ń to ìròyìn. Owó òru ni wọ́n ń gbà, ó sì ju ti ọ̀sán lọ. Fi ọkọ̀ ojú ọjọ́ tó wà nílùú míì sí i, pẹ̀lú oníkámẹ́rà tiẹ̀. Ní mẹ́jọ ààbọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á wọlé lẹ́yìn aago mẹ́fà. Kọ iye òṣìṣẹ́ àti wákàtí tí wọ́n ń wọlé sí ojú ìwé kan, ti mẹ́fà lápá òsì, ti mẹ́jọ ààbọ̀ lápá ọ̀tún. Fi í ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé, màá bá ẹ wò ó.