Ọ̀rá dídùn, ìpamọ́ra, abíṣúgà, àbí ṣúgà àfipamọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a óò máa pe glycogen, ìyẹn ṣúgà tí ara ń tọ́jú pamọ́, tó wà lára àwọn ẹranko odò oníkarahun méjì, àwọn tó ń sẹ́ omi kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Ẹnìkan dábàá "ọ̀rá dídùn". Ẹlòmíràn ní "ìpamọ́ra". Ẹnì kẹta ní "abíṣúgà".

Mi ò lè fọwọ́ sí ọ̀rá dídùn rárá. Ṣúgà ni glycogen, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣúgà kéékèèké tó so kọ́ra, tó yọ ẹ̀ka bí igi. Ẹranko yìí ní ọ̀rá tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì máa ń kó nínú rẹ̀ sínú ẹyin. Agbára tó wà nínú gíráàmù ọ̀rá kan ju ìlọ́po méjì ti ṣúgà lọ, síbẹ̀ ọ̀rá kò ṣeé lò láìsí ọ́síjìn. Bí omi bá bàjẹ́ tàbí tó bá fà, tí ẹranko náà pa ìkarahun rẹ̀ dé pinpin, glycogen ló máa gbé e ró, torí òun kò dúró de ọ́síjìn. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀rá ti pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́.

Ìpamọ́ra dùn létí, àmọ́ ó ti níṣẹ́ tó ń ṣe: sùúrù ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí.

Abíṣúgà sún mọ́ orísun jù, nítorí ohun tó ń bí ṣúgà ni Claude Bernard, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ní lọ́kàn nígbà tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1857. Ṣùgbọ́n abiyamọ a máa bímọ, kí òun náà sì wà. Glycogen kì í bí ṣúgà kó ṣẹ́kù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń já wẹ́wẹ́ di ṣúgà.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lórí "ṣúgà àfipamọ́". Ẹnìkan béèrè bóyá àfipamọ́ kò kan amúaradàgbà náà, nígbà tó jẹ́ pé, lẹ́yìn omi, òun ló pọ̀ jù nínú ẹran ara ẹranko náà. Rárá o. Ilé ni ìyẹn, kì í ṣe àká. Bí ebi bá pẹ́ jù, ẹranko náà á jẹ nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń tú òrùlé dáná.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìṣe tí a óò máa lò pẹ̀lú rẹ̀, "ná" ni mo fara mọ́: ó ń ná ṣúgà àfipamọ́ rẹ̀ láti fi pèsè ẹyin.