Owó bodè lórílẹ̀-èdè kékeré: kí la ó kọ́kọ́ tún ṣe?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ìjọba orílẹ̀-èdè kékeré bá ń fi owó bodè gbọ́ bùkátà, tó jẹ́ pé ẹ̀wù nìkan ni wọ́n ń rán tà sókèèrè, fún oníbàárà kan ṣoṣo, kí ni kí wọ́n ṣe lásìkò tí ọjà àgbáyé ò dúró sójú kan yìí? Àwọn kan ní kí wọ́n fagi lé owó bodè pátá, àwọn kan ní kí wọ́n fi kún un.

Ìdáhùn 1
Méjèèjì kọ́. Ẹ wo owó orí èròjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjà tó ti parí. Ká ní ẹ̀wù kan jẹ́ 100 lọ́jà àgbáyé, tí aṣọ àti òwú inú rẹ̀ jẹ́ 70. Bí owó bodè ẹ̀wù bá jẹ́ 20%, tí ti èròjà jẹ́ 30%, aránṣọ á ná 91, á tà á ní 120 nílé: 29 ló kù. Ká ní kò sówó bodè rárá, 30 ni ì bá kù! Tó bá wá rán an lọ sókèèrè, 100 náà ló máa gbà: 9 péré ló kù fún owó oṣù, iná àti ọkọ̀. Ti èròjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ ni, àmọ́ kí VAT, owó orí tí wọ́n ń bù lé ọjà nígbà títà, ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. VAT ò mọ tilé yàtọ̀ sí tòkèèrè, ibodè náà sì ni wọ́n ti ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà. Ìjọba tó bá gé owó bodè láìrí àfidípò á gba ẹ̀yìn wá, owó ìwé lónìí, owó àyẹ̀wò lọ́la.

Ní ti àwọn tó ń kó ọjà jáde, ẹ má gba owó èròjà wọn kẹ́ ẹ tó máa dá a padà. Àdápadà máa ń pẹ́, owó òwò á sì há. Ẹ jẹ́ kí báńkì ṣe onídùúró fún wọn. Ibi tó ti ń jò ni pé wọ́n lè ta aṣọ tí wọn ò sanwó bodè lé yẹn nígboro. Ẹ kọ iye mítà tó wọ ẹ̀wù kan sílẹ̀, pẹ̀lú àjákù tó ń bọ́ lẹ́nu sísọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá gbogbo aṣọ tó wọlé ló bá ẹ̀wù jáde.

Ìdáhùn 3
Oníbàárà kan ṣoṣo yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ní oṣù kẹrin 2025, Amẹ́ríkà kéde owó bodè 50% lórí ọjà Lesotho, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní gúúsù Áfíríkà tó ń rán ẹ̀wù tà fún wọn. Oṣù kẹjọ ni wọ́n tó sọ ọ́ di 15%, àwọn tó ń rajà sì ti ń fawọ́ sẹ́yìn látìgbà ìkéde. Òfin ilé kankan ò lè dá ìyẹn dúró. Ọjọ́ tí ẹrù ń lò ní èbúté ló wà níkàáwọ́ yín: kí oníṣòwò lè béèrè iye owó bodè ṣáájú, kí ìdáhùn náà sì de aṣọ́bodè, kí wọ́n tú ẹrù tí wọ́n bá fura sí nìkan. Àdéhùn WTO, àjọ tó ń rí sí òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 ti là á sílẹ̀. Singapore ti ń fi kọ̀ǹpútà gba ìwé lójú kan láti 1989. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á ra ẹ̀rọ, ìwé ò ní dín kù.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé. Ta ni kó ṣírò mítà yẹn?

Ìdáhùn 2
Kí aṣọ́bodè àti oníléeṣẹ́ jọ dúró ti tábìlì, kí wọ́n gé ẹ̀wù 100 lójú àwọn méjèèjì, kí wọ́n fi 100 pín aṣọ tó lọ sí i. Bí bátánì bá yí padà, wọ́n á tún un ṣe.