Ṣé Gajakesari ṣọ̀wọ́n ni?

Ìyá Àríkẹ́, Tanke: Ẹ kú àárọ̀ o. Aládùúgbò wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ àwọn ará Íńdíà ní Gajakesari, ìtò ìràwọ̀ kan tí wọ́n kà sí oríire, wà nínú àtẹ ìbí ọmọ mi, pé ẹni ńlá ni yóò dà. Ó tún dárúkọ ìtò mìíràn, Budha-Aditya. Ṣé ó ṣọ̀wọ́n ni?

Bàbá Ọ̀fà: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Àmì ìràwọ̀ méjìlá ló wà nínú àtẹ; bí a bá kà wọ́n láti ibi tí Òṣùpá wà, a ń pè wọ́n ní ilé. Bí Júpítà bá wà ní ilé kìíní, ìkẹrin, ìkeje tàbí ìkẹwàá sí Òṣùpá, Gajakesari nìyẹn. Ilé 4 nínú 12! Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ aráyé ló ní in. Budha-Aditya náà wọ́pọ̀: kí Òòrùn àti Mẹ́kúrì jọ wà nínú àmì kan ni, Mẹ́kúrì kì í sì í jìnnà sí Òòrùn ju dígírì 28 lọ. Mo fẹ́ràn ìmọ̀ yìí gan-an, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbowó lọ́wọ́ abiyamọ.

Àlàbí: Aago ìbí ńkọ́?

Ìyá Àríkẹ́: Àsùbáà ni mo bí i.

Bàbá Ọ̀fà: Ìyẹn tó fún Gajakesari, Òṣùpá ń lo ọjọ́ méjì àti díẹ̀ nínú àmì kan. Ṣùgbọ́n lagna, ìyẹn àmì tó ń yọ ní ìlà-oòrùn nígbà ìbí, ń yí padà ní bíi wákàtí méjì-méjì. Ẹ wo káàdì ọsibítù fún aago ìbí gan-an.