Àtòmira, ánímè, àwọ̀jọ: èsì sí àbá "àwòrán abẹ̀mí"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe animation, ìyẹn àwòrán tí a ṣe ní ìkọ̀ọ̀kan tó wá ń mira lójú ẹni tó ń wò ó, ní "àwòrán abẹ̀mí", nítorí pé inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí èémí àti ẹ̀mí ni Gẹ̀ẹ́sì ti fa tirẹ̀ yọ. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé Látìn kọ́ sì ni tiwa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "abẹ̀mí" ti níṣẹ́ lọ́wọ́: ewéko àti ẹranko ni à ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan náà ni kí á wò.

Ẹ mú jọ́tà kan tó ní ewé 40. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ewé tó kẹ́yìn, kí ẹ ya bọ́ọ̀lù kékeré kan sí igun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ da ewé tó ṣáájú rẹ̀ bò ó. Ẹ ó ṣì máa rí bọ́ọ̀lù ti ìsàlẹ̀ fìrífìrí, kí ẹ wá ya òmíràn, kí ó yẹ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ìwé kò ní rí èyí tó yà tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò sì máa ta gìrì kiri. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn bá dọ́gba látòkè délẹ̀, bọ́ọ̀lù náà yóò kàn máa yọ̀ lọ ni, kò ní wúwo lójú ẹni tó ń wò ó. Lókè, níbi tó ti fẹ́ yí padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra. Bó bá ti ń já bọ̀ sílẹ̀, ẹ fẹ àlàfo náà. Nígbà tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tú ewé wọ̀nyí wàràwàrà láti ẹ̀yìn wá síwájú, bọ́ọ̀lù yóò fò.

Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Fíìmù a máa lo fírémù 24, ìyẹn àwòrán adúrósójúkan 24, ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Japan, wọ́n sábà máa ń fi àwòrán kan ṣoṣo sílẹ̀ fún fírémù méjì tàbí mẹ́ta, tí yóò fi di àwòrán 12 tàbí 8. Bí a bá fi 12 ṣírò fíìmù oníṣẹ́jú 90 tí nǹkan ń mira nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwòrán 64,800 ni.

Nítorí náà, ẹnìkan lè ní kí á pè é ní "àyàmira": ohun tí a yà, tó sì ń mira. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó fún jù. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọmọláńgidi ni wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Iwájú, tí ilé iṣẹ́ Kugali àti Disney gbé jáde ní 2024, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Èkó, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti mọ ẹ̀dá inú rẹ̀ bí ẹni mọ amọ̀. A ò lè sọ orúkọ tó máa lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síta. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ọwọ́ ènìyàn ló tò wọ́n, ní ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó mira. Nínú sinimá lásán, kámẹ́rà ló ń dá ká fírémù tirẹ̀.

"Àtòmira" ni mo fara mọ́. Ẹ wo àjẹkù: àwa la jẹ ẹ́, òun ló kù. Ẹ wo àgékù: àwa la gé e, òun ló kù. Àwa la tò ó, òun ló mira. Gírámà wa ti ní ààyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ò fi tipá kì í wọlé.

Ṣé àwọn èèyàn yóò lò ó? Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára àwọn ará Japan fúnra wọn. Wọ́n ṣẹ̀dá dōga, "àwòrán tó ń rìn", ilé iṣẹ́ àtòmira Toei sì fi jẹ́ orúkọ ní 1956, Toei Dōga. Ní 1998, wọ́n yí i padà sí Toei Animation. Àmọ́ dōga kò kú. Nínú yàrá iṣẹ́, àgbà ayàwòrán ló ń ya genga, ìyẹn àwọn ìdúró tó ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ló sábà máa ń ya dōga láti fi dí àárín wọn. "Òpó" àti "àdíàlàfo" ni mo dábàá fún méjèèjì, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí nílé nílò wọn gan-an.

Ánímè ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì àti kíláàsì gba fáwẹ́lì kún un kí wọ́n tó rọ̀ wá lẹ́nu, ṣùgbọ́n a-ni-me wọlé wá ní odindi. Ní Japan, gbogbo àtòmira, títí kan ti òkèèrè, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ níbí, ti Japan nìkan ni. Ìtumọ̀ ti ẹnu wa ni kó wọ ìwé atúmọ̀ èdè wa.

Ọ̀rọ̀ cosplay, ìyẹn mímúra bí ẹ̀dá inú àtòmira tàbí ìwé àwòrán, ló dùn mí jù, nítorí pé àwọn kan ní kí á pè é ní "ẹ̀kú". Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, costume (aṣọ ìmúra) àti play (eré), ni wọ́n gé lọ́rùn so pọ̀ ní Japan ní àwọn ọdún 1980 tó fi di kosupure. Nínú ìdíje, adájọ́ a máa yí etí aṣọ síta kó lè wo ojú rírán. Ó tún máa ń tẹ ìgúnpá ìhámọ́ra oní-fóòmù wò, nítorí bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi atẹ́gùn gbígbóná mú ojú fóòmù náà dì, ọ̀dà yóò wọ ihò rẹ̀, yóò sì máa là níbi tó bá ti ń ká. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ yóò béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é. Ta ló jẹ́ yí ẹ̀kú síta wò inú rẹ̀? Ta ló jẹ́ béèrè orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀? "Àwọ̀jọ" ló tọ́: a wọ̀ ọ́, a sì jọ ọ́. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni aláwọ̀jọ.

Ní ti ibi tí àwọn olólùfẹ́ nǹkan wọ̀nyí ti ń pàdé, ẹ má da gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "ọdún". Annecy ní Faransé, láti 1960, àjọ̀dún ni, torí àtòmira ni wọ́n ń wò níbẹ̀ tí wọ́n sì ń fún ní ẹ̀bùn. Comiket (Comic Market) ní Tokyo, láti 1975, ọjà ni orúkọ òun fúnra rẹ̀ wí, ìwé àwòrán tí àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn tẹ̀ ni wọ́n sì ń tà níbẹ̀. Lagos Comic Con, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, àpéjọ ló bá a mu, nítorí títà, wíwò àti àwọ̀jọ ló pàdé níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé etí yóò ṣi "aláwọ̀jọ" gbọ́ bí "aláwọ̀ dúdú", kí ó kọ gbólóhùn mẹ́ta níbi tí ìṣìgbọ́ náà ti lè ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́. Bí ó bá rí wọn kọ, mo ṣetán láti tún un wò.