Re: Ṣé àwòṣe náà ni protótíìpù?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu kọ, pé ká máa pe protótíìpù (ohun tí à ń kọ́kọ́ ṣe ní ṣákálá, ká lè fi mọ̀ bóyá èyí tí a fẹ́ ṣe gan-an á wúlò) ní "àwòṣe" kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ jọ̀ọ́, kò tíì tán. Àwòṣe lèèyàn ń wò kó tó ṣe tiẹ̀, bí aṣọ tí aránṣọ gbé kọ́ síwájú tó fi ń gé òmíì. Ìyẹn ti dáa, ó ti parí. Èyí tí à ń sọ ò tíì dáa rárá, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é gan-an nìyẹn.

Níbí l'Ájàṣẹ́, èmi àti ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe àgbékalẹ̀ ohun èlò fẹ́ tún bọ́tìnnì fáànù ilé ṣe, torí màmá wa ò rí 0, 1, 2, 3 tó wà lára ẹ̀, wọ́n á ní kó rọra fẹ́, wọ́n á sì pa á. A gé páálí róbótó, a fi ìṣó kàn án mọ́ pákó, a ní kí wọ́n máa yí i, ọmọ yẹn lúgọ sẹ́yìn kọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, bí wọ́n bá ti yí i lòun náà ń tẹ bọ́tìnnì. Apá òsì ni màmá yí i sí! Bí wọ́n ṣe ń ṣí gáàsì ìdáná nìyẹn, àwa sì ti ya ọ̀tún sílẹ̀ fún wọn. Kò síná nínú páálí yẹn, kò sí ohun tẹ́nì kan lè wò ṣe lára ẹ̀, síbẹ̀ ó ti sọ ohun tí à ń wá.

Jeff Hawkins náà, ẹni tó ṣe Palm Pilot (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń wọ àpò), kí ẹ̀rọ náà tó jáde ní 1996 l'Ámẹ́ríkà, igi lásán ló ń kó sápò kiri, á yọ ọ́ nípàdé, á máa ṣe bí ẹni ń kọ nǹkan sí i, kó lè mọ̀ bóyá òun á lò ó lóòótọ́.

Ẹnì kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ wá ní ká yí i padà sí "àṣewò". Ìtumọ̀ ẹ̀ dùn mọ́ mi o, àmọ́ ta ló ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù (ɛ àti ɔ tí àwa ní Benin fi ń kọ ẹ àti ọ pàápàá, ta ló ń wá wọn)? Ẹ kọ ọ́ láìfàmì sí i, kẹ́ ẹ wo ohun tẹ́ ẹ máa kà, kẹ́ ẹ wá sọ fún àna yín pé òun lọmọ yín ń kọ́ ní yunifásítì.

Ìdánwò ńkọ́? Ti ilé ìwé ti gbà á. Ẹni bá gbọ́ ọ á rò pé màmá là ń dán wò, bẹ́ẹ̀ fáànù ni.

Èmi fara mọ́ "àlòwò". Lò ó wò. A ń tọ́bẹ̀ wò, a ń wọ bàtà wò, ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì, ìlò náà ni iṣẹ́ yìí sì ń wá. Wọ́n á ní láìsí àmì "a lówó" lèèyàn máa kà. Àdúrà nìyẹn, àmín.

Kí àwòṣe wà fún èyí tó bá la àlòwò kọjá, tí wọ́n máa gbé fáwọn tó ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbà?