Àbọ̀ ìrìnàjò Ìkógòsì: màmá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi

Ẹ̀yin tí mo bi léèrè ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti ń sun nílẹ̀ nítòsí Ọ̀fà, nítorí ẹsẹ̀ màmá mi tó ń dúró tajà lọ́jà Owódé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ kú àdúrótì. Ìkógòsì l'Ékìtì tí púpọ̀ yín dárúkọ la lọ. A gba Òmù-Àrán wọ Ọ̀tùn; ojú ọ̀nà gbọ̀n wá bí ẹni ń jọ̀ gàrí.

Omi náà kò hó o. Ẹni tó bá ń retí èéfín, ìjákulẹ̀ ni. Omi òjò ló wọlẹ̀ lọ jìnnà, tí ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ mú un gbóná, tó wá gba ojú sísán àpáta padà sókè. Màmá ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ibi tí omi gbígbóná ti pàdé tútù ni wọ́n jókòó sí, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ìkejì lọ́hùn-ún, ẹ̀rín ń pa wọ́n.

Ara tù wọ́n lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe padà sọ́jà ni ìrora dé. Lójú tèmi, ìjókòó yẹn gan-an ṣe ju omi lọ, la bá ra àpótí gíga kan sí ìsọ̀ wọn.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ẹ fọwọ́ yín tọ́ omi wò kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àìsàn náà lè mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, wọn ò ní mọ̀ bó bá ń jó wọn. Bí egbò bá wà, kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rárá.

Mo ti rí ìdáhùn mi, ẹ ṣeun.